Hardtail àbí full-sus: èwo lẹ máa gùn lórí òkè olókùúta?

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé láti Sheffield lọ sí orí òkè Peak District ní England. Full-sus, kẹ̀kẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀kù níwájú lẹ́yìn, ni wọ́n ń gùn; hardtail onírin, tó ní ti iwájú nìkan, lèmi ń gùn. Tí a bá dé orí Jacob's Ladder, ọ̀nà olókùúta kan lókè abúlé Edale, ẹ̀gbọ́n á rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ wọn wálẹ̀, wọ́n á ní "Ó dìsàlẹ̀ o," wọ́n ti lọ nìyẹn. Èmi á dúró ná, màá máa wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, kí n tó rọra tẹ̀ lé wọn. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti mu omi, wọ́n ti ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù Kejìlá, tí ẹrẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń fọ kẹ̀kẹ́ tèmi tán, tí ẹ̀gbọ́n á sì máa wá mẹkáníìkì kiri nítorí ìró kan tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ ìdí wọn.

Àwọn tó ń bi mí pé èwo làwọn máa rà ti wá pọ̀, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òkè olókùúta nìkan ni mò ń sọ o. Ẹni tó fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ lórí ọ̀dà, tó kàn máa ya inú igbó lọ́jọ́ Àìkú, hardtail ni kó rà, kó lọ sinmi.

Ibi tí wọ́n ti yà

Méjèèjì ló ní ṣọ́ọ̀kù níwájú, ìyẹn fọ́ọ̀kì tó ń wọlé tó ń jáde. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti yà. Ti hardtail le gbagidi, férémù ló di táyà ẹ̀yìn mú láìsí nǹkan kan láàárín. Ti full-sus, wọ́n ya apá ẹ̀yìn férémù sọ́tọ̀, wọ́n fi bẹ́árìn so ó mọ́ ti iwájú bí híńjìsì ṣe ń mú ilẹ̀kùn, wọ́n wá ki ṣọ́ọ̀kù kan bọ àárín. Ẹni tó bá ti jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà rí ti mọ iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ń ṣe. Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, tó wá láti Nottingham tí kò jìnnà sí òkè tí mò ń sọ yìí, kò ní ti iwájú, kò ní ti ẹ̀yìn. Sípíríńgì abẹ́ ìjókòó aláwọ nìkan ló ń gba ìdí wọn sílẹ̀.

Mìlímítà ni wọ́n fi ń ka bí ṣọ́ọ̀kù ṣe ń wọlé tó. Kẹ̀kẹ́ eré ìje máa ń ní 100 sí 120. Ti òkè gbogboogbò wà láàárín 130 sí 150. Àwọn 160 sí 170 jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ràn ibi tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, 200 sì jẹ́ ti àwọn tí mọ́tò ń gbé gòkè, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi 170 wọ̀ yín lójú. Ẹ̀yin lẹ máa fi ẹsẹ̀ yín wà á gòkè.

Ẹ wo òkúta kí ẹ tó wo kẹ̀kẹ́

Òkúta Peak District kì í ṣe òkúta dídán. Ara irú òkúta yìí ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọlọ ńlá ilé ìlọkà láyé àtijọ́, ó rí ṣàkìṣàkì, ó sì ń fa táyà ya. Ọ̀nà tí àwọn ẹṣin ẹlẹ́rù ń gbà kọjá nígbà yẹn la ń gùn lónìí. Wọ́n ní Jacob Marshall, àgbẹ̀ kan ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ló gé àtẹ̀gùn sára òkè náà kí òun lè gba ibi tó yá gòkè, kí ẹṣin rẹ̀ sì máa gba ibi tó lọ́ bọ̀ wá bá a. Ibi tó lọ́ yẹn ni tiwa. Òfin 1968 ló fún kẹ̀kẹ́ láyè lórí ọ̀nà ẹṣin ní England àti Wales, ó sì ní ká máa yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó ṣe ọ̀nà wọ̀nyí fún kẹ̀kẹ́. Òkúta ibẹ̀ tú, omi ti wọ́ ọ kúrò láyè rẹ̀, àwọn mìíràn sì dúró ṣóńṣó bí eyín.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú òkúta kan tó tóbi tó ìkúùkù. Táyà iwájú hardtail gùn ún, fọ́ọ̀kì gbà á, kò sí wàhálà. Táyà ẹ̀yìn wá kàn án. Kò ríbi yà sí: àfi kó gbé férémù àti ẹ̀yin tí ẹ wà lórí rẹ̀ sókè kó tó lè kọjá, inú eré tí ẹ ń sá ló sì ti máa yọ agbára tó fi gbé yín. Tí òkúta bá tò tó ogún, ńṣe ni kẹ̀kẹ́ á máa kú lọ lábẹ́ yín. Ti full-sus, táyà nìkan ló máa fò sókè, ẹ̀yin wà láyè yín. Eré ò dínkù púpọ̀, táyà á sì tètè padà kanlẹ̀. Kíkanlẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí táyà tó wà lófuurufú kò gbọ́ ti bíréèkì, kò sì ṣeé fi kọ́nà.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sábà sọ. Tí fọ́ọ̀kì hardtail bá wọlé, ẹ̀yìn ò bá a wọlé, gbogbo kẹ̀kẹ́ á tẹ orí síwájú, ibi tó dà gẹ̀rẹ̀ á wá dà bíi pé ó tún gẹ̀rẹ̀ sí i. Full-sus máa ń wọlé níwájú lẹ́yìn, ara rẹ̀ á sì dúró déédéé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá ẹnikẹ́ni dá sí hardtail tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn jàn-ànràn. 130 tàbí 140 ti tó. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iwájú á máa ṣèlérí ohun tí ẹ̀yìn ò lè san.

Orúnkún yín ni ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn hardtail. Wákàtí àkọ́kọ́, ẹ ò ní mọ̀. Tó bá di wákàtí kẹta, itan á máa gbọ̀n, ẹ á jókòó níbi tó yẹ kí ẹ dúró, òkúta á sì rán yín létí. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tàbí tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, tí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò ní bá a jiyàn rárá: full-sus ni.

Wọ́n máa ń sọ pé hardtail ló ń kọ́ èèyàn ní kẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgba ṣe ń kọ́ ọmọ.

Gígòkè: ibi tí irọ́ pọ̀ sí

Wọ́n á ní full-sus wúwo, ó sì ń mì, kò lè gòkè. Lórí ọ̀dà, wọn ò purọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì, ṣọ́ọ̀kù á bu díẹ̀ jẹ nínú agbára yín, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kù fi ní irin kékeré kan lára tí ẹ máa ṣí síbìkan kó lè le. Tí iye owó wọn bá jọ ara wọn, full-sus tún sábà máa ń fi bíi kílò kan àbọ̀ sí mẹ́ta wúwo ju hardtail lọ.

Ṣùgbọ́n orí òkúta là ń sọ. Níbẹ̀, táyà ẹ̀yìn hardtail á máa fò, á máa yí lásán, ti full-sus á sì máa lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí aláǹgbá. Ní Òlíńpíìkì London 2012, lórí òkúta tí wọ́n tò sí Hadleigh Farm ní Essex, full-sus ni Jaroslav Kulhavy láti ilẹ̀ Czech gùn, hardtail ni Nino Schurter láti Switzerland gùn. Ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ni Kulhavy fi gba góòlù mọ́ ọn lọ́wọ́. Àáyá kan kò tó ẹ̀rí, ṣùgbọ́n nígbà tí Schurter máa gba góòlù tirẹ̀ ní Rio ní 2016, full-sus ló gùn.

Owó

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Tí ẹ bá kó £1,000 sí £1,500 sílẹ̀ fún hardtail tuntun nílùú ọba, fọ́ọ̀kì gidi á wà níbẹ̀, bíréèkì olóròóró á wà, ìjókòó tó ń fi bọ́tìnnì lọ sókè sódò á wà, táyà á dáa. Tí ẹ bá fi iye kan náà ra full-sus tuntun, wọ́n ti ní láti yọ owó ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn, bẹ́árìn àti gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ara fọ́ọ̀kì àti bíréèkì ni wọ́n ti máa gé e. Bíréèkì tí kò dáa lórí òkè, mi ò mọ ohun tí ṣọ́ọ̀kù fẹ́ ṣe fún un. Ní tèmi, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó £2,000, kó fi full-sus tuntun sílẹ̀ ná.

Ẹ wá jìnnà, ẹ jìnnà pátápátá, sí kẹ̀kẹ́ £300 tí wọ́n so sípíríńgì pupa mọ́ láàárín, tí wọ́n ń tà nínú ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta tòmátò. Sípíríńgì lásán ni. Kò sí òróró nínú rẹ̀ tó máa jẹ́ kó rọra padà, tó bá ti wọlé, ńṣe ló máa ta yín nù. Hardtail £300 kan náà sàn jù ú lọ fíìfíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò tó Jacob's Ladder í gùn.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ bi ibi iṣẹ́ yín nípa Cycle to Work, ètò tó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gba kẹ̀kẹ́ nípasẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Láti 1999 ló ti wà, wọ́n máa ń yọ owó kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó ka owó orí, ó sì ń dín nǹkan kù dáadáa.

Ìtọ́jú, àti ohun tí ojú mi rí

Fọ́ọ̀kì méjèèjì fẹ́ òróró tuntun. RockShox, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fọ́ọ̀kì, ní kí ẹ máa tú apá ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú fọ́ọ̀kì àwọn ní gbogbo wákàtí 50 tí ẹ bá gùn, kí ẹ sì ṣe gbogbo inú rẹ̀ ní 200. Full-sus tún ní ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn tó fẹ́ irú ìtọ́jú kan náà, àti bẹ́árìn tó lè tó mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ Peak District ní yanrìn òkúta ọlọ nínú, bí ẹni fi sandpaper ra bẹ́árìn ni.

Mo ti ra full-sus àlòkù rí lọ́wọ́ ẹnì kan, £700. Ó dán, ó fani mọ́ra, mo kàn gùn ún yí ojú títì ká. Ọ̀sẹ̀ kejì lórí òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bẹ́árìn ti jẹ tán, ṣọ́ọ̀kù ń jò. Owó tí mo fi tún un ṣe kọjá ìdajì owó tí mo fi rà á, mo tà á lówó pọ́ọ́kú, mo sì fi ìbínú ra hardtail. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù, ẹ di ìjókòó mú, ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ kí táyà kúrò nílẹ̀. Tó bá ń dún kọ́kọ́, tí ẹ sì ti rí i pé kì í ṣe ìjókòó fúnra rẹ̀ ló tú, bẹ́árìn tàbí ṣọ́ọ̀kù ni. Ẹ fi èékánná yín wọ́ ara irin dídán tó ń wọ inú ṣọ́ọ̀kù. Tí èékánná bá há, ojú ibẹ̀ ti ha, òróró á máa gbabẹ̀ jò. Ẹ wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó férémù pọ̀, pàápàá lábẹ́. Tí ẹni náà bá ní kí ẹ ṣe kíá, ẹ máa lọ sílé.

Ẹni tó fẹ́ gùn ún nílé, ní Ìdànrè tàbí Èfọ̀n Aláayè, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún yàtọ̀. (Àbúrò mi kan ti bi mí bóyá kẹ̀kẹ́ mi lè gun àtẹ̀gùn 667 ti Òkè Ìdànrè. Mo ní kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ gùn ún.) Ta ló máa bá yín tú ṣọ́ọ̀kù afẹ́fẹ́ níbẹ̀? Rọ́bà tín-ín-rín inú rẹ̀ tó bá gé, òkè òkun lẹ máa ti retí òmíràn, kẹ̀kẹ́ á sì wà lára ògiri. Hardtail onírin, pẹ̀lú jíà tí kò díjú, ni mo máa gbé wá sílé. Férémù rẹ̀ tó bá sán, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè jó o.

Táyà, kí n má gbàgbé

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má ṣahun sí táyà. Fún hardtail, ẹ wá èyí tó fẹ̀ tó ínṣì 2.4 sí 2.6 sẹ́yìn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, ẹ yọ túùbù kúrò, ẹ da omi tó ń dí ihò sínú rẹ̀. Èmi tí mo wọn kílò 70, 24 psi (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) ni mo ń fi sẹ́yìn, 21 níwájú. Nígbà tí mo ṣì ń lo túùbù, òkúta ń gé e ní ojú méjì bí ìgbà tí ejò bá bu èèyàn jẹ, mo sì ti tẹ ríìmù kan báyẹn rí. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń tẹ́ sínú táyà ẹ̀yìn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ríìmù.

Tó bá jẹ́ full-sus lẹ mú, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ra póòmpù ṣọ́ọ̀kù, tí ẹ máa fi ṣe afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kó bá ìwọ̀n ara yín mu, nítorí ti táyà kò lè ṣe é. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú báàgì àti omi yín lẹ́yìn, ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹlòmíràn wò ó: ó yẹ kí ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ti wọlé tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti iwájú kéré sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí, wọ́n á wá máa sọ pé full-sus le bí igi.

Ẹ̀gbọ́n ti ní kí n wá gba tiwọn gùn ní Sátidé tó ń bọ̀, kí àwọn náà fi hardtail mi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní kí n mú póòmpù dání, kí n sì jọ̀ọ́ kí n dá afẹ́fẹ́ àwọn padà bí mo ṣe bá a: kílò 95 làwọn wọ̀n.