Àpò Ẹ̀yìn Kámẹ́rà Tó Lè Pẹ́ Lọ́wọ́ Arìnrìn-àjò

Síìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Aṣọ àpò kì í sábà tètè ya. Síìpù ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí iyanrìn ń jẹ eyín rẹ̀. Síìpù YKK (ilé iṣẹ́ Japan kan tó ń ṣe síìpù) nọ́ńbà 8 tàbí 10 la fara mọ́ fún ẹnu àpò; bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni eyín síìpù ṣe ń tóbi tó. Nọ́ńbà 5 kéré jù fún ẹrù tó wúwo.

Fún aṣọ àpò, náílọ́ọ̀nù 420D tó (D, ìyẹn denier, ni wọ́n fi ń wọn bí òwú aṣọ ṣe nípọn tó). 1000D le jù ú lọ, àmọ́ ó ń fi kún ìwúwo. Ẹ wo inú aṣọ náà dáadáa: ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi kùn ún kí omi má bàa wọlé wà. Tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí tó ń bó, kò wúlò mọ́. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́, nítorí náà ẹ má ká àpò tó tutù pamọ́.

Àpò tó ń ṣí láti apá tó máa ń kan ẹ̀yìn yín la yàn láàyò: bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ láti ṣí i, iwájú rẹ̀ ni yóò kan ẹrẹ̀, okùn èjìká kò ní dọ̀tí. Bí ẹrù bá ju kílò 8 lọ, ẹ má ra èyí tí kò ní bẹ́líìtì ìbàdí tó nípọn.

Ẹ fa okùn èjìká níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ àpò. Bí òwú kan ṣoṣo níbẹ̀ bá tú, ẹ fi àpò náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.