Odógúnyán tàbí ojúde ilé: ibo ló yẹ ká gbé iṣẹ́ irin sí ní Ìkòròdú?

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ jórinjórin máa ń béèrè: ṣé kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ní Odógúnyán, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kóra jọ sí, àbí kí wọ́n pa àtíbàbà sí ojúde ilé bàbá wọn ní Ìgbógbo?

Ní ti owó, ojúde ilé ló dín, kò sí owó ṣọ́ọ̀bù.

Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Bí bẹ́árìn ẹ̀rọ, irin roboto tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí geere, bá fọ́ ní Ìgbógbo, ẹ máa wọkọ̀ lọ wá òmíràn, oníbàárà á sì máa retí yín. Àmọ́ níbi tí àwọn oníṣẹ́ irin bá kóra jọ sí, ẹni tó ń ta bẹ́árìn àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlé kì í jìnnà síra. Alfred Marshall, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ ní 1890 pé níbi tí iṣẹ́ kan bá kóra jọ sí, òṣìṣẹ́ kì í wọ́n, ìmọ̀ sì máa ń ràn. Lójú tèmi, èyí ju owó ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ewu rẹ̀ náà wà: aládùúgbò lè fa ọmọṣẹ́ yín lọ, bí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá sì tilẹ̀kùn, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ẹni tó ń ṣe géètì àti fèrèsé fáwọn tó ń kọ́lé nítòsí, ojúde ilé ti tó fún un. Ẹni tó ń fojú sí iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ ńlá, bí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀ta tí wọ́n ṣí ní 2023, kó sún mọ́ Odógúnyán.