Wọ́n yọ d kúrò nínú orúkọ mi ní Lágere: àgbéyẹ̀wò àwọn tó bá mi sọ káàdì ibùgbé mi dọ̀tun

"Ta ni Ojo?"

"Èmi ni, sà."

"Ta wá ni Odjo?"

"Èmi náà ni."

Ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n náà gbójú sókè, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ṣì ń bọ̀. "Ṣé ẹ̀yin méjì lẹ jọ wá ni?"

Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan gbáko ṣe ṣòfò mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn, tòun ti owó ọkọ̀ Ifẹ̀ sí Òṣogbo, àlọ àtàbọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí káàdì mi kú. Ẹ̀bi ọ̀gá yẹn kọ́ o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kò tiẹ̀ gbóhùn sókè sí mi. Àwọn tó bá mi kọ fọ́ọ̀mù ní Lágere, nínú Ifẹ̀ níbí, ni mo bá wá síbí. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Kí n tó máa bá a lọ: ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin. (Kùtọnu ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí, bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ló wà lọ́hùn-ún.) Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan, "Mùsíọ̀" ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹni tó bá ti ìlú ECOWAS wá lè lo 90 ọjọ́ ní Nàìjíríà láìgba físà, àdéhùn 1979 ló fún wa ní ìyẹn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó o sì ń ṣiṣẹ́, o gbọ́dọ̀ gba káàdì ibùgbé, kó o sì máa sọ ọ́ dọ̀tun bó bá ti fẹ́ kú. Tiwa ṣì rọrùn. Ìyà gidi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba CERPAC, káàdì ibùgbé àwọn àjèjì tí kò ti ECOWAS wá, tí wọ́n gbé owó rẹ̀ láti 1,000 dọ́là sí 2,000 lópin 2018.

Ohun tí mi ò tíì lè gbé mì ni pé Ifẹ̀ ni mo ti ń jẹ́ àjèjì. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa nílé ni pé Ifẹ̀ ni Ṣópásan ti kó àwọn baba wa jáde. Géẹ̀sì àti Faransé wá fa ìlà sáàárín wa ní 1889. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Ìmẹ̀kọ, Kétu lòun náà, oríkì kan náà la jọ ń jẹ́, ṣùgbọ́n apá ibí ni ìlà gbé e sí, kò mọ àwọ̀ káàdì kankan. Èmi ni mò ń tẹ̀ka.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n padà sí Lágere.

Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n náírà ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ wọn, owó ìjọba wà lọ́tọ̀. Mi ò bínú sí iye yẹn. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ó gba owó fọ́tò kọ́pì lẹ́ẹ̀mejì lórí ìwé kan náà, ó ní ti àkọ́kọ́ ò mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ yín ni íńkì tán nínú rẹ̀, kí ló kan èmi? Kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀ tó fi sọ ọ́.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì, tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀yà mìíràn nìyẹn. Ó yẹ ìwé mi wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó wá fà lẹ́tà ilé ìwé mi yọ. Ó ní, "Mùsíọ̀, wọ́n sọ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, wọn ò sọ pé àwọn gba ẹrù yín rù níwájú ìmígíréṣọ̀n. Wọn ò ní gbà á báyìí. Ẹ padà lọ bá ọ̀gá yín lónìí yìí, kó tó lọ sílé." Aago mẹ́ta ti lù. Mo sáré lọ, mo bá ọ̀gá nínú mọ́tò, ó fọwọ́ sí i lórí itan. Ká ní obìnrin yìí ò rí i ni, ìrìn àjò mìíràn nìyẹn.

Òun náà ló tẹ fọ́ọ̀mù mi. O-D-J-O ló tẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù.

Bàbá tó ni ọ́fíìsì ló bà á jẹ́. Olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n ní ó jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, báírò pupa ò sì kúrò lápò rẹ̀ títí di òní. Alẹ́ ni wọ́n ní ó máa ń yẹ fọ́ọ̀mù gbogbo wò kí wọ́n tó dì í. Nígbà tó dé orí tèmi, ó fi báírò pupa fa ìlà gba inú d kọjá, ó ní kí ọmọkùnrin kan tún un tẹ̀. Wọ́n dì í sínú àpòòwé, wọ́n fi pín-ìn-nì kàn án lẹ́nu, wọ́n gbé e fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi náà ò tú u wò. Mo gbà, ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Mo padà dé Lágere láti Òṣogbo ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Mo gbé fọ́ọ̀mù síwájú Bàbá, mo fi ìka tẹ orúkọ mọ́lẹ̀.

Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Kí ló ṣe é?"

"Ẹ yọ d kúrò, sà."

"Mo yọ ọ́. Àṣìkọ ni. Ibo lo ti rí d nínú Òjó? Àmútọ̀runwá ni Òjó. Ṣé ọ̀run ni wọ́n ti fi d sí i?"

"Bàbá, mo mọ̀. Pásípọ́ọ̀tù mi ni kò mọ̀."

Ìyá Ìbejì sọ láti ìdí fèrèsé pé, "Mo sọ fún wọn o. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà." Ó fa ìwé tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde láti inú dúrọ́ọ̀. Mo rí i: ìlà pupa nínú d, lókè rẹ̀ ni Bàbá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ Òjó, àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Ta ló béèrè àmì ohùn ní Òṣogbo?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí ẹni tó bí irú mi lọ́mọ. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, ó nàka sí ìwé kan lára ògiri pé àwọn kì í dá owó padà. Mo ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní, pé lẹ́nu Faransé, j lásán kì í dún bí j tiwa, d ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣáájú rẹ̀ kó tó dún bó ṣe yẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣadé ṣe ń di Chadé lọ́dọ̀ wa, tí Kétu fi di Kétou.

Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ fi d náà sí i. Mo ní akọ̀wé ni, lọ́jọ́ tí bàbá mi lọ gba ìwé ìbí mi. Bàbá mi ò mọ̀wé, bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́.

Ó mi orí, ó ní, "Ìwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn wáyé, kò tíì gbẹ, Faransé tún fi d kọ́ ọ lọ́rùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Inú wá bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́rú, a tún fọ́ọ̀mù ṣe. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo ò sí nínú rẹ̀. Èmi, oníbàárà, ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra epo ẹgbẹ̀rún méjì náírà ní Mayfair kí wọ́n lè tún àṣìṣe tí wọ́n ṣe fún mi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́fà ò tíì lù tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi. Bàbá ni, nínú agbádá tí wọ́n lọ̀ kanlẹ̀, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní a jọ ń lọ ni. Ó san owó ọkọ̀ tirẹ̀, ó san tèmi. Nínú ọkọ̀ ló ti gba fáìlì lọ́wọ́ mi pé wọn ò kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yọ báírò. Dúdú ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó kọ O. Ó gbé ọwọ́ dúró lókè ìwé, bí ẹni tó fẹ́ tẹ pákó orí gọ́tà tí kò dá a lójú. Ọkọ̀ wọ kòtò, ó jáde. Ó wá kọ D, kékeré, ó kéré sí àwọn yòókù, ó sì sáré kọ J àti O lé e.

Ọ̀gá ìjọ́sí náà la bá. Bàbá kí i, kí i, kí i, ó kí ìyàwó ilé, ó kí iṣẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ mi, ní ti d yìí, bí ẹ bá wo álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá..." Mo fẹsẹ̀ tẹ ẹ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó dákẹ́. Wọ́n gba ìwé, mo tẹ̀ka, ó parí. Kò gbà tó wákàtí kan.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ọkọ̀ dúró ní Ẹdẹ, ó ra àgbàdo sísun fún àwa méjèèjì. Ó ní kí n kọ orúkọ tòun lọ́nà tí Faransé yóò gbà kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì. Ó gbé e jìnnà sójú, ó wò ó títí a fi kúrò ní Ẹdẹ.

"Ó dà bí orúkọ oògùn," ló wí. Ó ká a, ó fi sápò àyà.

Káàdì mi ti jáde. ODJO ló wà lára rẹ̀, d náà tóbi bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti fi nọ́ńbà Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ sí olùkọ́ mẹ́ta, méjì láti Pobè, ọ̀kan láti Sakété, mo sì sọ fún wọn pé òun nìkan ni kí wọ́n gbé ìwé lé lọ́wọ́, kí wọ́n sì tú àpòòwé níwájú rẹ̀. Bàbá pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá láti béèrè bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn kú ìyèdún ní Kétu. A sọ̀rọ̀ títí káàdì fóònù rẹ̀ fi tán.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Owó epo mi, ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ṣì wà lọ́wọ́ yín.