Lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ kan ní Ṣágámù
Ibi tí àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì yìí ti mọṣẹ́ jù ni kíkọ́ ọmọ ní "if". Ọmọ á kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. "Bí òjò bá rọ̀, a ò ní lọ": ó ṣì lè ṣẹlẹ̀, "If it rains, we won't go." Wàhálà wà nínú "ǹ bá". "Ká ní mo lówó ni, ǹ bá rà á" lè jẹ́ tòní tàbí tàná. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n: "If I had money, I would buy it" ni tòní, "If I had had money, I would have bought it" ni tàná. "Ìbá ṣe pé mo mọ̀, ǹ bá wá" ló ń bí àṣìṣe "If I would have known, I would have come": "bá" méjì, ni àwọn ọmọ bá fi "would" méjì sí i. Àléébù kan: akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù, iṣẹ́ àṣetiléwá kì í tètè rí máàkì.