Ṣọ́ọ̀kì gáàsì tí mo fi sí bọ́nẹ́ẹ̀tì MGB GT mi: ó tọ́ sí owó, àmọ́ ẹ wo agbára rẹ̀ kí ẹ tó rà á

Ẹni tó bá ní MGB, ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á mọ ohun tí mo ń sọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí gùn, ó sì wúwo, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń gbé e ró. Ẹ ó fi ọwọ́ kan gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ ó fi ìkejì máa wá irin náà, ẹ ó tún máa wá ihò tó yẹ kó wọ̀. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ lójijì nígbà tí ẹ tẹ orí ba ẹ́ńjìnnì, àyà yín á já. Tèmi jẹ́ GT ọdún 1972, ìyẹn irú MGB tó ní òrùlé líle. Èmi fúnra mi ni mo ń tún un ṣe níwájú ilé wa ní London, kì í sì í pẹ́ kí n tó tún ṣí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ṣọ́ọ̀kì gáàsì méjì, irú èyí tó ń gbé bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ìgbàlódé sókè. Mo ti lò ó nígbà ooru, mo ti lò ó nígbà òtútù, mo sì dúpẹ́ pé mo rà á.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni pé mi ò lu ihò kankan sí ara ọkọ̀. Bóòtù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni àwọn irin ìdìmú rẹ̀ ń wọ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà lè yọ gbogbo rẹ̀ kúrò láìsí àpá. Irin àtijọ́ yẹn ṣì wà nínú bọ́ọ̀tù mi, mi ò ní jù ú nù láéláé. Kí ẹ tó tú bóòtù híńjì, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí híńjì náà ká, torí bó bá sún díẹ̀ péré, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò ní bá ara ọkọ̀ dọ́gba mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó bọ́ sí ìkejì, kí ẹnì kan sì bá yín di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Ìyàwó mi ló bá mi dì í mú.

Ìwé tó bá ṣọ́ọ̀kì náà wá ló bí mi nínú. Àwòrán ṣákálá ni, kò sọ ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì máa kọ sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ló máa pinnu bó ṣe máa pẹ́ tó. Gáàsì nitrogen tí wọ́n fún pọ̀ gan-an ló wà nínú ṣọ́ọ̀kì, pẹ̀lú òróró díẹ̀. Apá tó tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá wà ní pípadé, kí òróró yẹn lè máa rin rọ́bà tó dí gáàsì mọ́. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, rọ́bà á gbẹ, gáàsì á sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Owó ńlá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, ó yẹ kí wọ́n kọ ìlà kan péré nípa èyí.

Ọ̀rọ̀ agbára ló ká mi lára jù. Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì, ẹ ó rí nọ́ńbà pẹ̀lú N, ìyẹn Newton. 200N ń ti nǹkan bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù bíi 20 kg, méjì sì ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èyí tó lágbára jù ló dára jù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú bá ṣe sún mọ́ híńjì tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó máa gbé e ṣe máa pọ̀ tó, ojú kan ṣoṣo sì ni gbogbo agbára yẹn ń tì. Mo rí MGB kan níbi tí àwa olókọ̀ àtijọ́ ti pàdé, tí igun bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́bàá gíláàsì iwájú ti gbé sókè débi pé ìka máa wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ibẹ̀ ti sán. Ó dùn mí, torí ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ tó ṣì lè gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì yín dúró ni kí ẹ rà.

Alumíníọ̀mù ni bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn MGB tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Abingdon, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1962. Nígbà tó yá ni wọ́n yí i sí irin. Ẹ má fi ọdún ọkọ̀ nìkan pinnu, torí ọ̀pọ̀ ló ti pààrọ̀ tiwọn. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án lábẹ́. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni, irin àtijọ́ yẹn ni kí ẹ máa lò lọ. Alumíníọ̀mù rọ̀ ju irin lọ, ọkàn mi ò balẹ̀ láti fi ṣọ́ọ̀kì kankan sí i.

Ní ti ìlò rẹ̀, ìtura gbáà ni. Mo gbé e díẹ̀, ó gba ìyókù lọ́wọ́ mi, ó sì dúró jẹ́ẹ́ lápá ọ̀tún àti òsì. Nísinsìnyí, mo lè fi ọwọ́ kan tú ìdérí orí kabúrétọ̀ SU méjèèjì (àwọn tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì), kí n fi ìkejì rọ òróró díẹ̀ sínú wọn, láìsí irin tó ń gbún mi ní ìgbúnwọ́. Pípa á dé ló yàtọ̀. Ẹ má jù ú sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má sì tẹ igun rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ojú ibi tí àgádágodo wà láàárín, títí ẹ ó fi gbọ́ kó dún, kí ẹ wá gbìyànjú láti gbé e wò bóyá ó ti há lóòótọ́.

Nígbà òtútù, ó máa ń lọ́ra láti gòkè. Gáàsì tó bá tutù ò lágbára: láti ìwọ̀n 20 Celsius sí òdo, nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún (7%) agbára rẹ̀ ló ń lọ. Tèmi ṣì ń gbé e dúró, àmọ́ mo ní láti bá a gbé e dé òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí ọkọ̀ àtijọ́ tiyín, òdìkejì ni tiyín: ooru ń fi kún agbára ṣọ́ọ̀kì, ẹ má ra èyí tó le jù. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Ládípọ̀ ni, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa. Bí nọ́ńbà náà bá ti pa rẹ́, tàbí tí òróró bá wà lára apá tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fi iná jó o tàbí lu ihò sí i, torí gáàsì inú rẹ̀ lè bú gbàmù.