Àwọn onífísíò yìí mọ iṣẹ́, àmọ́ ẹ wo àtẹ̀gùn wọn!

Ọjọ́ 19 ni mo fi wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. Nígbà tí mo jí, imú ń yún mi, ọwọ́ kọ̀, kò gbéra. Mo rò pé rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà ní rárá o, àìsàn tó le yẹn, àìmira lórí bẹ́ẹ̀dì àti sitẹ́rọ́ìdì tí wọ́n fi gbà mí là ló jẹ iṣan mi. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn onífísíò yìí, àwọn tó ń fi eré ìdárayá dá agbára iṣan padà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Àtẹ̀gùn méje ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn! Ẹni tí itan rẹ̀ kò lágbára ni ẹ̀ ń retí o. Àga ibi tí a ti ń dúró náà tún rọ̀, ó kúrú. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, èèyàn méjì ni yóò fà á dìde.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin tó gbà mí dán èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn-ọwọ́, ìbàdí, orúnkún àti ọrùn-ẹsẹ̀ mi wò, lọ́tùn-ún lósì, ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 5. Nínú 60, 38 ni mo gbà. Ó ní ẹni tí kò bá pé 48, iṣan rẹ̀ kò sí nílé. Dìde-jókòó ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ní kí n ṣe. Mo fẹ́ fi ẹ̀kẹrin ṣe akọ. "Bàbá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

Lọ́sẹ̀ kẹfà, itan tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ẹlòmíràn ìbá ní eré ìdárayá ló fà á. Òun ní kí n kó oògùn mi jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo simvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní clarithromycin nítorí ikọ́ ni. Ó bi mí bóyá ìtọ̀ mi ti dúdú, ó sì pe dókítà mi lójú ẹsẹ̀. Clarithromycin kì í jẹ́ kí ara tètè palẹ̀ simvastatin mọ́. Á máa gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba iṣan jẹ́ débi tí kídìnrín á fi daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà dá simvastatin dúró, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò, ìrora náà sì rọlẹ̀. Ìràwọ̀ kan gbáko nìyẹn fún un.

Máàkì mi ti di 56 nínú 60 báyìí. Mo ń gun àtẹ̀gùn méje yẹn láì di irin mú, àmọ́ ìyá tó wọlé tẹ̀lé mi lọ́jọ́ tí mo parí, ọmọ rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n gòkè. Ìràwọ̀ 4 nínú 5.