Àtúntẹ̀ kọ́míìkì ìwé ìròyìn àtijọ́: Nemo ńlá, Nemo odindi, Valiant àbí Peanuts?

Ìwé kan wà nílé mi tí mi ò lè jókòó sórí àga kà. Orí ẹní ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí, n ó wá kúnlẹ̀ tì í bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ìǹṣì 16, ó sì ga ní ìǹṣì 21. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi gbé e wá sí Ìbàdàn láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fi ìró méjì wé e bí ọmọ tuntun kí igun rẹ̀ má baà ká, wọ́n sì dúró lé mi lórí nígbà tí mo ń tú u.

"Kọ́míìkì náà rèé? Torí èyí ni mi ò ṣe ríbi kó bàtà mi sí?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò ná." Wọ́n ṣí i. Díẹ̀ ló kù kí ọbẹ̀ tó wà lórí iná jó.

Látìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń bi mí pé èwo ni káwọn kọ́kọ́ rà nínú àtúntẹ̀ àwọn ìtàn aláwòrán tó jáde nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ẹni tó bá ka Atọ́ka rí ti mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ìtàn láti inú àpótí àwòrán kan bọ́ sí òmíràn. Fọ́tò àwọn òṣèré ni Atọ́ka fi sọ tiẹ̀, gègé àti yíǹkì ni àwọn wọ̀nyí fi sọ tiwọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìtàn kan ṣoṣo lè gba odindi ojú ewé ìwé ìròyìn, tàwọ̀tàwọ̀. Mẹ́rin ni n ó fi wéra níbí, ìyẹn àtúntẹ̀ Little Nemo méjì, Prince Valiant àti Peanuts, torí àwọn mẹ́rin náà ni mo ti ṣí fúnra mi.

Ẹ má tíì béèrè iye

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti rí àwòrán inú rẹ̀ dà kọ. Bébà ìwé ìròyìn kì í tọ́jọ́. Ásíìdì inú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Á pọ́n, á gbẹ, bí ẹ bá wá ká a, á rún bí èèpo ẹ̀pà. Nígbà tó ń gba àwọn ilé ìkàwé Amẹ́ríkà láàyè jù, wọ́n yà á sínú fíìmù tíntìntín aláwọ̀ dúdú àti funfun, wọ́n sì ń kó ìwé gan-an dànù. Bí àwọ̀ ṣe bá a lọ nìyẹn.

Ọkùnrin kan ní San Francisco, Bill Blackbeard, kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1968 ó dá ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè sílẹ̀ kí àwọn ilé ìkàwé lè rí ẹni fi ìwé náà lé lọ́wọ́, ó sì ń kó wọn sínú ilé tó ń gbé títí ilé fi kún. Nígbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio wá gba ẹrù náà ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ àjàgbé mẹ́fà ló kó o, ó tó tọ́ọ̀nù 75. Mo máa ń rò ó wò nígbà míì: ká ní ìyàwó ilé kan ló ní "gbé ìdọ̀tí yìí kúrò nílé mi", kí ni à bá máa rà lónìí?

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwòrán máa ń gbà dénú àtúntẹ̀. Wọ́n lè yà á láti ara ìwé ìròyìn gan-an, kí wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà fọ àbàwọ́n rẹ̀. Wọ́n lè yà á láti ara ìtẹ̀wò, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ tó ń pín kọ́míìkì fáwọn ìwé ìròyìn tẹ̀ sórí bébà tó dáa láti fi yẹ àwọ̀ wò. Èyí ló dáa jù. Ọ̀nà kẹta ni fíìmù tíntìntín yẹn, ojú rẹ̀ sì máa ń dà bí ẹni fi èédú pa á. Akéde tó bá lo ohun tó dáa kì í lè pa á mọ́ra. Á sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Èyí tí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ fura sí i.

Nemo méjì

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1905 ni ayàwòrán Winsor McCay bẹ̀rẹ̀ Little Nemo in Slumberland nínú ìwé ìròyìn New York Herald. Ọmọdékùnrin kan ń sùn, ó ń lá àlá, nínú àpótí tó gbẹ̀yìn á sì jí, nígbà míì lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó já bọ́ sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára rẹ̀ wà nínú ohun tí McCay ń fi ojú ewé náà ṣe.

Ẹ wo ti ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1908. Bẹ́ẹ̀dì tí Nemo wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ń gùn, ó ń gùn, bẹ́ẹ̀dì jáde síta, ó ń rìn láàárín ìlú, ó ń gba orí òrùlé kọjá. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń gùn ni McCay ń fa àpótí àwòrán gùn sísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, débi pé ojú yín fúnra rẹ̀ á máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Fèrèsé àwọn ilé ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fà á bí ẹni ń dirun ṣùkú. Nínú ìwé kékeré, àwọn fèrèsé yẹn á di tótótó lásán, bẹ́ẹ̀dì náà á sì dà bí tábìlì tó fẹ́ ṣubú. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì jù fún Nemo.

Nemo ńlá, tí mo ń kúnlẹ̀ tì, ni Sunday Press Books ṣe lọ́dún 2005. Peter Maresca ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, èrò rẹ̀ sì ni pé kí ojú ewé náà tóbi bó ṣe tóbi lọ́jọ́ tó jáde. Ojú ewé ìwé ìròyìn gan-an ni wọ́n dà kọ, bébà rẹ̀ kì í dán wọ̀ǹwọ̀n, àwọ̀ funfun rẹ̀ sì ṣì ní ìpara díẹ̀ bíi ti bébà àtijọ́. Èmi fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ kí nǹkan funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú lè má fẹ́ ẹ. Ohun tó kù sí i ni pé ṣíṣà ni wọ́n ṣa àwọn tó wà nínú rẹ̀, kò pé. Ìdìpọ̀ kejì jáde lọ́dún 2008.

Nemo odindi ni ti ilé ìtẹ̀wé Taschen, ọdún 2014, tí Alexander Braun kó jọ. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ìpín 549, láti ti 1905, dé àwọn ọdún tí McCay gbé e lọ sọ́dọ̀ Hearst, olówó tó ní ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, títí kan ìgbà tó tún dá a padà sí Herald, tó ti di Herald Tribune, lọ́dún 1924. Ìwé náà tóbi, ó wúwo bí àpò gàrí, síbẹ̀ kò tó ojú ewé àtijọ́. Àkọsílẹ̀ Braun nínú rẹ̀ tó ìwé kan lọ́tọ̀, ó sì ṣe é kà.

Tí ẹ bá gbé méjèèjì síra wọn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ "odindi" máa ń tan èèyàn jẹ. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ni Nemo mú bí abẹ. Nínú àwọn ti 1924 síwájú, àpótí ti dọ́gba kalẹ̀ bíi búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ McCay ṣì dáa ṣùgbọ́n àrà ti tán níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ ìtàn ayé ayàwòrán náà látòkèdélẹ̀, kó ra ti Taschen. Ẹni tó fẹ́ kí ẹnu òun là sílẹ̀, kó wá Nemo ńlá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń polówó Nemo kì í sábà fi ṣíwájú. Ẹ̀dá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Imp, ọmọ adúláwọ̀ tó wọ koríko mọ́dìí, tí ètè rẹ̀ tóbi ju orí lọ, tí wọ́n ń fi gbólóhùn rúdurùdu sí lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń ya àwa dúdú nígbà náà nìyẹn, ó sì wà káàkiri inú ìwé méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ rà á fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ kà á, kí ẹ jókòó tì í nígbà tó bá dé ibẹ̀. Èmi ò fi torí ẹ̀ ju ìwé mi nù, mi ò sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Valiant

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lowó yín ká, Prince Valiant, ìtàn ọmọ ọba ajagun kan tí wọ́n ń pè ní Val, ni kí ẹ rà, ìdìpọ̀ kìíní. Hal Foster, ọmọ ìlú Halifax ní Kánádà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1937. Kò sí àpò ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ni wọ́n kọ ìtàn sí, ojú ọ̀run rẹ̀ wà ní mímọ́. Àwọn ìdìpọ̀ ẹ̀yìn líle tí ilé ìtẹ̀wé Fantagraphics bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009 ni mo ń sọ o, ọdún méjì méjì nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ̀wò aláwọ̀ tó wà ní Yunifásítì Syracuse ni wọ́n fi ṣe é, ó sì hàn gbangba. Nínú ìjà orí afárá, ti oṣù Kẹfà ọdún 1938, níbi tí Val nìkan ti dojú kọ ogunlọ́gọ̀ àwọn Viking, jagunjagun ojú omi láti àríwá Yúróòpù, ẹ lè ka ìlà gègé lára àṣíborí wọn.

Ilé ìtẹ̀wé kan náà ti ṣe ẹlẹ́yìn rírọ̀ rẹ̀ láwọn ọdún 1980. Wọn kì í wọ́n, ẹ ó sì máa rí wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Mo ní mẹ́ta. Àwọ̀ wọn kò mọ́ tó ti tuntun, pupa ń ṣàn jáde kúrò nínú ìlà. Fún kíkà, ó ṣe é ṣe. Fún wíwò, ẹ fi owó kún owó.

Ìwọ̀n ti tuntun jẹ́ ìǹṣì 10 àti ìlàrin sí 14. Ó kéré sí ojú ewé ìwé ìròyìn dáadáa, ṣùgbọ́n ìlà Foster mọ́ débi pé ó gba ìfúnpọ̀. Ó sì ń wọ inú pẹpẹ ìwé.

Peanuts

Níbí, ẹ gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n. Nígbà tí Charles Schulz bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1950, ohun tí wọ́n fi polówó Peanuts, ìtàn àwọn ọmọdé àti ajá kan, fáwọn ìwé ìròyìn ni pé kò ní gba ààyè. Àpótí mẹ́rin tó dọ́gba, ẹ lè tò ó ní ìbú, ní òòró, tàbí méjì lórí méjì. Orí bìrìkìtì, ìlà díẹ̀, koríko díẹ̀. Ìwé kékeré kò bà á jẹ́ rárá.

The Complete Peanuts jáde láti 2004 dé 2016, ìdìpọ̀ 26, Seth, ayàwòrán ará Kánádà, ló ṣe ẹ̀wà ara rẹ̀. Gbogbo kọ́míìkì 17,897 ló wà níbẹ̀, dé èyí tó jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000, ọjọ́ kejì ikú Schulz. Dúdú àti funfun ni wọ́n tẹ ti Sọ́ńdè pẹ̀lú, èyí máa ń ya àwọn tó rà á lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀, Peanuts Every Sunday ni kó béèrè. Ìdìpọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 1952. Ẹ má fi dandan bẹ̀rẹ̀ láti 1950 o. Àárín àwọn ọdún 1960 ló dùn jù, ẹ lè padà sẹ́yìn tó bá wù yín.

Àlòkù

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé yìí kì í pẹ́ tán lọ́jà, nítorí náà ẹ ó ra àlòkù dandan ni. Ọlọ́jà kan kọ ọ́ sí mi pé ìwé òun "kò lábàwọ́n". Ó dé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣe wẹ́líwẹ́lí, omi ti wọ̀ ọ́ rí. Bébà dídán ni, ewé mẹ́fà ti lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo gbìyànjú láti ya wọ́n, yíǹkì bá ìkejì lọ. Látìgbà náà, fọ́tò ìsàlẹ̀ ìwé ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè, kí n tó béèrè iwájú rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá òǹtẹ̀ ilé ìkàwé wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìwọ̀n kílò rẹ̀: owó ọkọ̀ ti Nemo ńlá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìdìpọ̀ Valiant kan.

Tó bá délé, ẹ dá ìwé ńlá dùbúlẹ̀. Tó bá dúró, ìwúwo rẹ̀ á fa ẹ̀yìn rẹ̀ ya. Ẹ má gbé e sí ara ògiri tí òjò ń lù, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ikán mọ̀ bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tún ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Ìdìpọ̀ kejì Valiant ni mo ní kí wọ́n bá mi mú bọ̀. Ó wọ àpótí ọwọ́. Mo ti wọ̀n ọ́n.